Ohun Tí Ó Wà Nínú Agolo Tábà

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n gbé lẹ́tà náà lé mi lọ́wọ́. Mo mọ àkókò náà nítorí pé mo wo aago ọwọ́ mi. Iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni ó kọ́ mi ní ìwà yìí: bí nǹkan bá fẹ́ ṣẹlẹ̀, aago ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Àwa mẹ́ta ni a wà níwájú ilé ní Kabba. Ìyá àgbà tí ó ni ilé jókòó sórí àpótí. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, àgbẹ̀ tí oko kọfí rẹ̀ wà ní ọ̀nà Ògìdì, jókòó sórí ẹní, ó ń ṣa kọfí gbígbẹ. Èmi wà lórí àga kan ṣoṣo tí ó wà níbẹ̀, nítorí pé èmi ni mo fẹ́ kàwé. Ọyẹ́ ti dé. Ètè gbogbo wa ti sán.

Àwọn méjèèjì yìí kì í ṣe ìbátan mi. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n. Èmi pẹ̀lú ọ̀rẹ́ mi náà jọ jáde kúrò ní Kabba nígbà èwe wa, a jọ kó èédú sínú iná ọkọ̀ ojú omi, a sì jọ gbé ní ìlú èbúté kan ní Ìlú Ọba fún ọdún mẹ́tàlá. Èmi padà wálé. Òun kò padà. Nígbà tí mo dé, mo gbé agolo tábà kan fún ìyá rẹ̀, mo ní irun àti èékánná ọmọ rẹ̀ ni ó wà nínú rẹ̀. Wọ́n sin agolo náà sí ẹsẹ̀ ògiri ilé yìí, ní apá ìlà oòrùn, wọ́n sì ṣe òkú rẹ̀ bí a ti ń ṣe òkú ẹni tí ó kú sí ìdálẹ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún. Láti orí àga tí mo jókòó sí, mo ń rí ibẹ̀.

Lẹ́tà náà dé pẹ̀lú ìdì kékeré kan tí wọ́n fi aṣọ funfun rán pa. Orúkọ bàbá wọn ni wọ́n kọ sí i lára, àti Kabba, nítorí náà kò ṣìnà. Ìyá àgbà gbé ìdì náà sórí itan rẹ̀, kò tú u. Ó ní ọ̀rọ̀ ni à ń gbọ́ kí a tó tú ẹrù.

“Ẹ̀gbọ́n Òyìnbó, ẹ kà á kí a gbọ́,” ni àbúrò wí. Bẹ́ẹ̀ ni ó ti ń pè mí láti ọjọ́ tí mo ti dé. “Ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú mọ́ ọn.”

Mo kọ́kọ́ fi ojú kà á. Ìkàwé mi kò yá. Mo ti lé ní ọdún márùndínlógójì kí n tó mọ ìwé kà, ní kíláàsì àwọn àgbà, lẹ́yìn tí mo ti padà sílé. Ṣùgbọ́n lẹ́tà náà ṣe kedere, ọmọbìnrin tí ó kọ ọ́ kò lo ọ̀rọ̀ ńlá. Nígbà tí mo dé ojú ewé kejì, mo dúró díẹ̀. Mo ka ìyókù. Lẹ́yìn náà mo gbójú sókè.

“Ọmọ ọ̀rẹ́ mi ni ó kọ ọ́,” mo ní. “Ọmọ tí ó bí sọ́hùn-ún. Ìyá rẹ̀ ti kú. Ó ní ara òun le. Ó kí yín.”

“Ó tán?” ni àbúrò bi mí.

“Ó tán.”

Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ṣí i wò níwá, ó ṣí i wò lẹ́yìn. “Ojú ewé mẹ́ta. Èdè Òyìnbó yìí mà le o. Odidi apẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ẹ̀kúnwọ́ kan ni a rí gbà nínú rẹ̀!” Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

“Ó ti lọ́kọ?” ni ìyá àgbà béèrè.

“Kò sọ, Ẹ̀gbọ́n.”

“Kí ni ó sọ nípa ìdì yìí?”

“Ó ní ohun ìrántí bàbá òun ni.”

Kì í ṣe irọ́. Kì í sì ṣe òtítọ́. Ìyá àgbà wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó sì dìde láti wá ọ̀bẹ.

Kí ó tó rí ọ̀bẹ, mo ti mọ ohun tí ó wà nínú aṣọ náà, mo sì mọ ohun tí ó wà nínú agolo tí ó wà lẹ́sẹ̀ ògiri. Méjèèjì kò lè jọ jẹ́ òtítọ́.

Ní ìlú tí a gbé, òpópónà kan ni ó wà lẹ́yìn èbúté tí wọ́n ti ń gba èèyàn dúdú sílé. Ní ibòmíràn, bí o bá kan ilẹ̀kùn, obìnrin onílé á gbé aṣọ fèrèsé díẹ̀, á wò ọ́, á sì sọ ọ́ sílẹ̀. Nítorí náà gbogbo wa kó jọ sí òpópónà kan yìí: ará Sómálíà, Lárúbáwá, ará Bàbádọ́ọ̀sì, àwọn Kúrúù, àwa Yorùbá díẹ̀. Àwọn obìnrin funfun tí wọ́n fẹ́ wa wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àwọn ìbátan wọn kì í dá wọn lóhùn mọ́. Ilé oúnjẹ kan wà tí a ti lè rí ẹja àti ata jẹ bí ọkọ̀ bá ti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà dé. Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ràn níbẹ̀. Òkú ẹnì kan kì í dá nìkan lọ sí itẹ́ òkú. Bí ẹnì kan bá kú, yálà a mọ̀ ọ́n tàbí a kò mọ̀ ọ́n, gbogbo òpópónà ni yóò wọ aṣọ tó dára jù tí wọ́n ní, a ó sì rìn tẹ̀lé e.

Ní ọ̀sẹ̀ tí a kọ́kọ́ dé, èmi àti ọ̀rẹ́ mi wọ ilé onígbàjámọ̀ kan ní ojú títì ńlá. Ó ń fá irùngbọ̀n ẹnì kan lọ́wọ́. Ó na àlùmọ́gàjí sí ilẹ̀kùn. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi béèrè ohun tí a ṣe, ó ní irun wa yóò ba irin òun jẹ́. Ẹni tí ó ń fá irùngbọ̀n fún rẹ́rìn-ín títí ọṣẹ fi wọ ọ́ lẹ́nu.

A ra àlùmọ́gàjí tiwa. Láti ọjọ́ náà, ní ọ̀sán Sátidé tí a bá wà ní èbúté, èmi ni mo ń gẹ irun rẹ̀, òun ni ó ń gẹ tèmi, ní ẹ̀yìnkùlé ilé tí a háyà. Mo mọ orí rẹ̀ bí mo ti mọ àtẹ́lẹwọ́ mi. Irun rẹ̀ pọ́n díẹ̀, ó sì rọ̀ bí irun ọmọ tuntun. Tèmi dúdú, ó sì le.

“Orí kọ́ nìyí,” ni ó máa ń wí, “àpáta ẹ̀yìn ilé wa ni. Ẹ wá wo iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún èmi nìkan!”

Bí a bá ṣe tán, a óò gbá irun náà jọ, a óò sì jó o nínú iná èédú. A kì í fi irun wa sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwa. Ní ọ̀kan nínú àwọn ọ̀sán wọ̀nyí, tí ọwọ́ mi wà lórí rẹ̀, ó ní, “Bí mo bá kú síbí, ìwọ ni o máa gẹ èyí tó kẹ́yìn. Irun, èékánná, gbogbo rẹ̀. Kí o gbé e fún ìyá mi.”

“Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo kú ńkọ́?”

“Ìwọ? Ikú wo ni yóò rí ọ̀nà gbé àpáta?”

A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n a bọ ara wa lọ́wọ́ lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni òfin kan jáde. Wọ́n ní kí gbogbo atukọ̀ aláwọ̀ dúdú tí kò lè fi ìwé hàn pé ọmọ ìjọba ni òun lọ fi orúkọ sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá gẹ́gẹ́ bí àjèjì. Wọn yóò ya fọ́tò rẹ̀, yóò tẹ ìka, wọn yóò sì fún un ní ìwé tí yóò máa mú rìn. Ta ni ó ní ìwé ìbí nínú wa? Àlùfáà kan tí ó ń bojú tó àwọn atukọ̀ ní bí ẹnikẹ́ni bá jẹ́ ọmọ ìlú Èkó gan-an, òun lè bá a kọ lẹ́tà, nítorí pé ilẹ̀ ọba pọ́nńbélé ni Èkó. Ó ní ti àwọn tí ó wá láti òkè yàtọ̀, ilẹ̀ tí ọba kàn ń dáàbò bò ni tiwọn.

Mo sọ fún un pé Èkó ni wọ́n bí mi sí. Ó kọ ọ́. Wọ́n fún mi ní ìwé ọmọ ìjọba.

Ọ̀rẹ́ mi kọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta gbáko.

“Kabba ni n óò sọ,” ó ní.

“Kí ni Kabba fẹ́ ṣe fún ọ níbí?”

“Bí mo bá kú, ibi tí ó wà nínú ìwé ni wọn yóò ránṣẹ́ sí. Bí mo bá pe Èkó, Èkó ni wọn yóò gbé ọ̀rọ̀ mi lọ. Ta ni yóò gbọ́ ọ níbẹ̀? Ìyá mi á kàn máa wo ọ̀nà.”

Mo ní òmùgọ̀ ni. Ó ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó lọ tẹ ìka ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n sì kọ Kabba sí i.

Ohun tí ìwé méjèèjì yìí ṣe kò hàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ wọ́n ni a rí i. Àwọn atukọ̀ funfun ń pariwo pé àwa ni a gba iṣẹ́ wọn. Bí a bá tò ní èbúté, àwọn funfun ni wọ́n ń kọ́kọ́ mú, lẹ́yìn náà àwa tí a ní ìwé bí irú tèmi, àwọn tí ó mú ìwé àjèjì lọ́wọ́ ni ìkẹyìn. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà kì í kàn wọ́n. Ọ̀rẹ́ mi ti fẹ́ ìyàwó nígbà náà, obìnrin funfun kan tí ó ń rán àpò ní ilé iṣẹ́. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà mọ ẹni tí ó fẹ́, wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Òun àti ọ̀rẹ́ mi bí ọmọbìnrin kan. Ó lé ní ọdún méjì tí ọ̀rẹ́ mi kò fi rí ọkọ̀ wọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Ní àkókò yìí ni ẹnì kan lọ sọ fún ọlọ́pàá pé àwọn kan nínú àwa tí a pe ara wa ní ọmọ Èkó kì í ṣe ọmọ Èkó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá gba ìwé lọ́wọ́ èèyàn, iṣẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ ti parí, wọ́n sì lè tì í mọ́lé.

Wọ́n pè mí. Nígbà tí mo wọ àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀rẹ́ mi wà lórí bẹ́ńṣì, ó wá fi ìwé rẹ̀ hàn bí wọ́n ti máa ń ṣe. Kò mọ ìdí tí mo fi wá. Inú rẹ̀ dùn láti rí mi. Ó dìde, ó sì kí mi bí a ti ń kíni nílé.

“Okun o!”

Mi ò dáhùn.

Ọlọ́pàá tí ó wà nídìí tábìlì gbójú sókè. “O mọ ọkùnrin yìí?”

“Mi ò mọ̀ ọ́n, sà.”

“Ó kí ọ.”

“Mi ò gbọ́ èdè rẹ̀. Èmi, Èkó ni mo ti wá.”

Ọlọ́pàá náà kọjú sí i. “Ìwọ ńkọ́? O mọ̀ ọ́n?”

Ọ̀rẹ́ mi wò mí. Ikọ́ dé, ó wú u tán. Lẹ́yìn náà ó fi èdè Òyìnbó sọ pé, “Mo ṣì í mú ni, sà. Ṣé ẹ mọ̀ pé gbogbo wa jọra.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọlọ́pàá náà gidigidi. Ó pe èkejì rẹ̀ láti yàrá kejì kí ó wá gbọ́ ọ. Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ó dá ìwé mi padà fún mi, ó ní kí n máa lọ.

Sátidé tí ó tẹ̀lé e, mi ò lọ gẹ irun rẹ̀. Mo ní bí wọ́n bá rí wa pọ̀, ọ̀rọ̀ náà yóò tú. Sátidé kejì, ìtìjú ni. Lẹ́yìn ìyẹn, mo ti kó kúrò ní ilé tí ó mọ̀. Mo gbọ́ pé wọ́n ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, pé ikọ́ ife ni. Ìyàwó rẹ̀ rán ọmọ ìyá onílé oúnjẹ sí mi pé ó ń béèrè mi. Mo ní mò ń bọ̀. Ní ìgbà kejì, òun fúnra rẹ̀ ni ó wá, ó gbé ọmọ náà lápá nínú òjò, ó ń kan ilẹ̀kùn. Mo wà lẹ́yìn aṣọ fèrèsé. Mo gbé e díẹ̀, mo wò ó, mo sì sọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kú ní ọjọ́ mélòó kan sí i. Ọ̀sán ni wọ́n sin ín, gbogbo òpópónà tẹ̀lé e. Òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni ọkọ̀ tí mo wọ̀ ṣí.

Nígbà tí a kọjá Sàró ni mo rántí ìyá rẹ̀. Mo mọ ohun tí yóò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ mi. Kò ní béèrè bí ó ti kú. Yóò na ọwọ́. Mo mú àlùmọ́gàjí wa, mo jókòó lẹ́yìn yàrá iná, mo gẹ orí ara mi, mo gé èékánná mi, mo kó wọn sínú agolo tábà.

Mo rò ó nígbà náà pé àánú ni mo ṣe.

Ìyá náà na ọwọ́ lóòótọ́. Ó ṣí agolo náà, ó mú irun díẹ̀, ó fi ìka ra á fún ìgbà pípẹ́. Ó dé e padà. Ó ní, “O ṣeun, ọmọ mi.” Wọ́n sin ín. Èmi náà dúró níbẹ̀, mo wo bí wọ́n ti ń da erùpẹ̀ bò mí.

Mo fẹ́ ìyàwó ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Oyún mẹ́ta ni ó ní, kò sí èyí tí ó dúró. Mi ò sọ fún un. Ó máa ń wí pé mo ń gbélé bí ẹni tí ó ti lọ. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni ó kú, kò mọ̀ ọ́n títí ó fi kú.

Ìyá àgbà padà jáde pẹ̀lú ọ̀bẹ. Ó gé okùn aṣọ náà díẹ̀díẹ̀, kí ó má ba à ya. Aṣọ mìíràn wà nínú rẹ̀, ìwé pélébé méjì tí a ká wà nínú aṣọ. Ó ṣí ọ̀kan lórí itan rẹ̀. Ó mú un, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀.

Irun ni. Pupa ni.

“Irun rẹ̀ nìyí,” ó ní.

“Irun ta ni?” Àbúrò rẹ̀ fi kọfí sílẹ̀, ó súnmọ́ ọn. “Ẹ̀gbọ́n, a ti sin irun rẹ̀.” Ó ṣí ìwé kejì, ó wo èékánná tí ó wà nínú rẹ̀. Ó wò mí. Mo rí i pé ó ń wá ọ̀nà fún mi, nítorí pé ó fẹ́ràn mi. “Àbí wọ́n gé e lẹ́ẹ̀mejì ni? Ìyàwó gé díẹ̀, ẹ̀yin gé díẹ̀?”

Ọ̀nà náà ṣí sílẹ̀. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni ó kù fún mi láti gbé. Mo wo aago. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

“Rárá,” mo ní.

“Ti ta ni a wá sin?”

“Tèmi ni.”

Adìyẹ kan wá ń ṣa kọfí lórí ẹní, kò sí ẹni tí ó lé e.

“Tiyín?” ni àbúrò wí níkẹyìn. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. “Ẹ̀yin ni mo ń gbé obì fún lọ́dọọdún? Ẹ̀yin ni mo ń kúnlẹ̀ fún lẹ́sẹ̀ ògiri, tí mò ń bẹ̀ kí ẹ bá mi ṣọ́ oko? Tí ẹ máa ń dúró lẹ́yìn mi, tí ẹ máa ń ṣe àmín!” Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dára. “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé obì náà máa ń dùn?”

“Dákẹ́,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

“Odidi àgbò ni a pa!”

“Mo ní kí o dákẹ́.” Ó kọjú sí mi. “Ka ìwé náà. Gbogbo rẹ̀.”

Mo kà á. Ọmọ náà ní ìyá òun pa irun àti èékánná náà mọ́ láàárín aṣọ rẹ̀ títí ó fi kú. Ó ní bàbá òun ti rí i pé ẹni tí ó ń retí kò ní wá, nítorí náà ó kọ́ ìyàwó rẹ̀ bí yóò ti gé e, apá ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, bí yóò ti di èékánná lọ́tọ̀. Ìyá òun kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣe é bí wọ́n ti ní kí ó ṣe é. Bàbá òun ní kí ó gbé e fún ará ìlú rẹ̀ kan. Ọkùnrin náà kò wá. Ní ìparí, ọmọ náà ní bí ọkùnrin yẹn bá ṣì wà láàyè, òun fẹ́ mọ orúkọ rẹ̀, òun sì fẹ́ mọ ìdí.

Nígbà tí mo kà á tán, mo sọ ìyókù: àgọ́ ọlọ́pàá, ìkíni tí mi ò dáhùn, aṣọ fèrèsé, ọkọ̀. Mi ò fi nǹkan pa mọ́. Kò pẹ́ tó bí mo ti rò. Ohun tí mo gbé fún ogún ọdún, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti sọ.

Ìyá àgbà ń ká ìwé irun náà, ó ń tú u, ó ń ká a.

“Ìyá wa mọ̀,” ó ní. “Nígbà tí ó ń kú lọ, ó pè mí, ó ní irun tí a sin kì í ṣe ti ọmọ òun. Ó ní irun ọmọ òun kì í le bẹ́ẹ̀. Mo ní kí ó sinmi. Mo ní ogbó ni. Ó tún wí i ní ọjọ́ kejì, mo sì jágbe mọ́ ọn.” Ó gbé ojú sókè. “Ìyá mi, ní orí ẹní ikú. Mo jágbe mọ́ ọn nítorí agolo rẹ.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú.”

“Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í bínú.”

Àbúrò rẹ̀ ti dìde. “Kí ó wú agolo rẹ̀. Kí ó wú u nísinsìnyí, kí ó gbé e kúrò nílé bàbá wa.”

“Kò ní wú u,” ni ìyá àgbà wí. “A kì í wú ohun tí a ti pè ní òkú. Àbí ìwọ ni yóò lọ gba ọ̀rọ̀ tí ìyá wa sọ sí i padà?” Ó kọjú sí mi. “Yóò wà níbẹ̀. Ní àárọ̀ ọ̀la, ìwọ ni o máa gbẹ́lẹ̀ fún un, ní ẹ̀gbẹ́ tìrẹ. O kò jókòó tì í níbi tí ó kú sí. O máa jókòó tì í níbí.”

Mo dìde. Ní ìlú wa, a kì í jẹ́ kí àlejò dá nìkan lọ, a máa ń sìn ín dé ojú ọ̀nà. Kò sí ẹni tí ó sìn mí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí oòrùn tó yọ, mo gbé ọkọ́ mi lọ síbẹ̀. Sátidé ni. Ilẹ̀ le nítorí ọyẹ́. Ní ìgbà kan, ọkọ́ kan nǹkan ní ẹ̀gbẹ́ ihò náà, ó dún. Etí agolo ni, ìpẹtà ti jẹ ẹ́. Mo fi ọwọ́ da yẹ̀pẹ̀ padà bò ó.

Ìyá àgbà jáde. Ó ti fi àjákù aṣọ pupa di irun àti èékánná náà, irú èyí tí àwọn obìnrin Bùnú, aládùúgbò wa, ń hun fún òkú àgbà. Òun fúnra rẹ̀ ni ó tẹ́ ẹ sínú ihò. Àbúrò rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pè mí ní Òyìnbó. Kò pè mí ní nǹkan kan.

“Kí i,” ni ìyá àgbà wí.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Okun o.”

Mo da erùpẹ̀ bò ó, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Mo padà sílé, mi ò tíì jẹun. Mo jókòó sídìí tábìlì, mo kọ lẹ́tà sí ọmọ náà ní èdè Òyìnbó tí mo mọ̀. Mo sọ ìdí fún un. Mo kọ orúkọ mi sí ìsàlẹ̀, gbogbo rẹ̀, mo sì kọ ìlú tí wọ́n bí mi sí: Kabba. Lẹ́yìn náà mo gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Wọn kò tíì ṣílẹ̀kùn. Mo dúró.